Agogo Tí Wọn Kì Í Tẹ̀ fún Àǹtí Tábìlì

Èmi kúùkù kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iná àti àlùbọ́sà kì í jẹ́ kéèyàn ráyè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Àǹtí Tábìlì yìí, mo máa sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa pa mí lẹ́nu mọ́.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó ti fi ọdún mẹ́tàlélógún gbé oúnjẹ fáwọn èèyàn nílé oúnjẹ wa. Ẹsẹ̀ òsì máa ń dùn ún, kì í sọ. Tí èèyàn mẹ́fà bá jókòó yí tábìlì ká, tí kálukú sọ ohun tó fẹ́ jẹ, kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Á rìn wá sójú fèrèsé mi, á ka gbogbo rẹ̀ fún mi wẹ́rẹ́, títí kan ẹni tí kò fẹ́ iyọ̀ àti ẹni tó ní ká yọ egungun ẹja kúrò. Èmi ni mo máa ń ṣì í. Òun á kàn dá àwo padà láìbínú, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú.

Màmá tó dá ilé oúnjẹ náà sílẹ̀ ló gbà á síṣẹ́. Ọmọ Màmá, tó jẹ́ ọ̀gá wa báyìí, kò ju ọmọ ọdún méje lọ nígbà yẹn. Tó bá ti iléèwé dé, Àǹtí Tábìlì ló máa ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òun náà ló máa ń nu imú rẹ̀. Nígbà tí Màmá kú, ọmọ gba iṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Àfi kí ohun tuntun má ṣáà ti kó sí i lórí.

Lọ́dún tó kọjá, ó kó gbogbo ìwé oúnjẹ dà nù, ó wá de tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà á fọwọ́ kan àwòrán oúnjẹ tó wù ú, orúkọ rẹ̀ á sì jáde lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mi. Tó bá fẹ́ omi tàbí ṣíbí, àwòrán agogo kékeré kan wà nísàlẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́, á dún, ẹni tó ń mójú tó tábìlì náà á wá. Àwọn mẹ́rin ló ń gbé oúnjẹ, kálukú ló ní tábìlì tiẹ̀. Kò burú. Èmi gan-an fẹ́ràn bébà yẹn, kì í pariwo mọ́ mi.

Lóṣù kẹta, ọ̀gá pè wá jọ. Ó ní iṣẹ́ ti fúyẹ́, ẹni méjì ti tó láti gbé oúnjẹ. Ó ní òun ò ní ṣojúsàájú o: tábúlẹ́ẹ̀tì ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá tẹ agogo pe ẹnì kọ̀ọ̀kan, àwọn méjì tí wọ́n bá pè jù lópin oṣù ló máa dúró.

Àǹtí Tábìlì wá bá mi lójú fèrèsé.

"Kúùkù, ta ló máa gbà mí síṣẹ́ báyìí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?"

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé àwọn oníbàárà ò lè ṣe é kí wọ́n má pè é. Òpònú ni mí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìta láti ojú fèrèsé, agogo ń dún lọ́tùn-ún lósì fún àwọn mẹ́ta yòókù. Tiẹ̀ kì í dún, bẹ́ẹ̀ àwọn tábìlì rẹ̀ ló sì máa ń kún jù. Mo rí bàbá télọ̀ kan tó fẹ́ mu omi. Ó dìde, ó rìn lọ bá a níbi tó ti ń nu ṣíbí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá omi díẹ̀." Mo rí tíṣà kan tó jókòó láìní ṣíbí títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù, ó ń retí kí Àǹtí kọjá. Nọ́ọ̀sì kan na ìka sí agogo, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́.

"Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni, tó o fi máa lu agogo pè é?"

Ẹnu yà mí. Ọ̀wọ̀ ló fẹ́ lé obìnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ní kí Àǹtí máa bẹ àwọn oníbàárà kí wọ́n tẹ agogo. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Kí n máa bẹ èèyàn pé kó wọ́ mi nílẹ̀? Ó tì o."

Lọ́jọ́ tí oṣù parí, lẹ́yìn tí àwọn tó wá jẹun ọ̀sán ti lọ, ọ̀gá wọlé wá bá mi, lẹ́tà ìyọníṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n ti pe àwọn yòókù ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Ti Àǹtí Tábìlì, ẹ̀ẹ̀méje péré.

"Ó dùn mí, Kúùkù. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti sọ tiwọn. Wọn ò nílò Àǹtí mọ́."

Mo paná. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í paná lórí ọbẹ̀ tí kò tíì jinná. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ lọ jókòó sí tábìlì Àǹtí. Ẹ tẹ agogo yẹn, kí ẹ fúnra yín fi pè wọ́n wá gba lẹ́tà."

Olórí kunkun ni, ó lọ. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Agogo dún.

Àǹtí Tábìlì nuwọ́, ó tiro gba àárín àwọn àga kọjá. Ó rí lẹ́tà náà. Ẹni tó ti ń pè ní "ọkọ mi" láti kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ fún un bó ṣe ń kúnlẹ̀ fún oníbàárà.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀, sà. Kí ni kí n gbé wá?"

Ọ̀gá fò dìde, ó dì í lápá mú kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Èmi ló yẹ kí n wá bá yín níbi tí ẹ wà."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ó wo àwọn tábìlì tó yí i ká, ó ká lẹ́tà náà, ó tì í bọ àpò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí Tábìlì ní kó lọ bọ́jú, pé àwọn oníbàárà ń wọlé bọ̀.