Orúnkún Kì í Ṣe Uṣu

Gbì! Gbì! Mo tún ta igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa nípàá, omi rẹ̀ ta sí mi láṣọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní ìlú Ìṣẹ́ nígbà yẹn, kàráté ló sì gbà mí lọ́kàn. Ọmọbìnrin kan láti iléèwé kejì ni mo máa bá jà ní Sátidé. Ó fi orí àti ọrùn ga jù mí lọ. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ti fọ̀nà àbùjá hàn mí: "Bó ti wù kó ga tó, ta á nípàá lórúnkún. Á lulẹ̀."

Ìyá ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń po òrí mọ́ ewé. Àwọn ló ń to eegun fún gbogbo àdúgbò. Òórùn òrí yẹn kì í kúrò lára aṣọ wa. Àní ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa bi wá pé ẹsẹ̀ ta ló tún kán.

"Kí ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ọ́?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni, á lulẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn nìkan ni orúnkún ń ká sí. Bó o bá ta á láti iwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè já, ó sì lè má ṣe bíi tàná mọ́ láéláé. Orúnkún kì í ṣe uṣu tá a ń gún."

Bí màmá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn; lẹ́nu tiwọn, iṣu ni uṣu, ilé ni ulé.

"Màmá, ẹ ò mọ kàráté."

"Háà! Bẹ́ẹ̀ ni?" Wọ́n wọ ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n fọwọ́ di ìró mú. "Orúnkún mi rèé. Ta á."

Mo ní rárá o. Wọ́n ní ojo ni mí. Mo ní kí n rọra fẹsẹ̀ kàn án lásán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojo yẹn dùn mí.

Gbàù! Yéè! Èmi ni mo ké. Màmá ká ìró sókè: ọmọ odó! Ọmọ odó ni wọ́n kì bọ inú ìró!

"Ẹni tó ń ta ìpá, òun náà lẹ́sẹ̀ o," ni wọ́n wí, wọ́n ti ń wá òrí.

Ẹsẹ̀ mi wú bàǹbà. Bí wọ́n ṣe ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ ni mò ń sunkún, kì í ṣe torí ìrora, torí Sátidé ni. Ìjà mi ti bọ́. Inú bí mi débi pé mi ò fẹ́ jẹ iyán ọjọ́ náà, torí ọmọ odó yẹn kan náà ni wọ́n fi gún un. Nígbà tó yá, mo jẹ ẹ́ ṣá.

Lọ́jọ́ kejì Sátidé náà, ọmọ gíga yẹn gbọ́, ó wá kí mi. Kó tó yà sọ́dọ̀ mi rárá, ó lọ bá màmá, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọ̀sán, màmá." Màmá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń wò. Ojú tì mí gan-an. Orúnkún tí mo fẹ́ já rèé, òun ló fi ń kí màmá.

Ìkéré ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kàráté báyìí. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹsẹ̀ yẹn ṣì máa ń ro mí. Mò ń fi ìpá orúnkún hàn wọ́n, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́dọ̀ mi, àwọn méjèèjì tó fẹ́ jà á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí ara wọn. Àwọn òbí wọn gbà pé àṣà àwọn ará Japáànù ni. Mi ò bá wọn jiyàn.