Àpá Tó Wà Lẹ́yìn Bàbá Mi

Lọ́dún tí wọ́n gbé bàbá mi wá bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo ń nu ẹ̀yìn rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Títí di ìgbà náà, mi ò rí ẹ̀yìn yẹn rí. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tó ti ń lẹ táyà, gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá títì a máa bọ́ra sílẹ̀ bí oòrùn bá mú. Òun nìkan kì í bọ́ ẹ̀wù. Èmi rò pé ìgbéraga ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè ni mo tó mọ̀. Láti èjìká dé ìbàdí, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ rí gbágungbàgun bí ilẹ̀ tí adìyẹ ti tàn, àwọn ègé irin kéékèèké sì wà lábẹ́ awọ náà tí ọwọ́ mi ń bá pàdé.

"Ogun ni," ó wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Dókítà ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n mọ́kàn le. Bàbá mi náà mọ̀ pé òun ń lọ. Kò bẹ Ọlọ́hun fún ẹ̀mí gígùn, kò sì bẹ̀ mí fún oúnjẹ aládùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni pé kí wọ́n sin òun sí Ìkòyí-Ilé, nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni baálé agbo ilé náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí kan náà sì ti sọ ọ́ láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí pé kò ní ṣeé ṣe.

Ẹ ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń kì ọmọ Ìkòyí. Jagunjagun ni àwọn baba wa, ọmọ Ìkòyí kì í sì í gba ọfà lẹ́yìn, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá. Ní ọ̀pọ̀ ilé, oríkì lásán ni, ohun tí wọ́n fi ń mú orí ẹni wú. Ní agbo ilé tiwa, òfin ni. Wọ́n ní láyé àtijọ́, bí wọ́n bá gbé òkú jagunjagun dé, wọn a kọ́kọ́ dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọn a wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ní ojú ọgbẹ́ lẹ́yìn, ẹ̀bá oko ni wọ́n ń sin ín sí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ kì í. Ìmàle ti wọlé dé láti ìgbà náà, gbogbo wa ti ń kírun, àáfà ló sì ń wẹ òkú wa. Síbẹ̀, bí òkú ẹni tó ti rógun bá wà nílẹ̀, àwọn àgbà ilé ṣì máa ń yọ́ wọlé wá dúró níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń wá wò.

Nígbà tí bàbá mi ti ojú ogun dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá fún un ní balùwẹ̀, ó sì rí i. Kò pariwo. Ó ní kó wọ ẹ̀wù rẹ̀ padà, kó wá ìlú mìíràn gbé kí ẹlòmíràn tó rí ohun tí òun rí. Bí bàbá mi ṣe di ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyẹn, ọmọ jagunjagun tó wá di ọ̀gá nídìí táyà jíjò. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ sílé fún Iléyá, a kì í sùn mọ́jú. Mo máa ń bínú sí i nígbà tí mo wà ní kékeré pé kò jẹ́ kí n bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré tó.

Nígbà tó yá ní ilé ìwòsàn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ogun náà fún mi, díẹ̀díẹ̀, lọ́sàn-án, bí àwọn tó wá kí aláìsàn bá ti lọ. Èmi ni mo bi í pé báwo ni ọkùnrin tí kò sá ṣe máa gba irin lẹ́yìn. Ẹnu mi mú, mi ò sẹ́, kì í sì í ṣe ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ bi bàbá tó ń kú lọ. Kò bínú.

"Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀," ó ní, "àárín títì la máa ń gbà. A ó tò lọ rẹrẹ, a ó máa kọrin. Àwọn tí à ń bá jà ò ní ohun ìjà tó tiwa, ṣùgbọ́n wọ́n ní orí. Wọ́n á mú àgbá epo, wọ́n á mú páìpù omi, wọ́n á kó ìṣó àti àwókù irin pọ̀ mọ́ ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọ́n á rì í mọ́ ojú ọ̀nà. Lọ́rì wa tó kọ́kọ́ gùn ún, a ò rí awakọ̀ rẹ̀ ṣà jọ."

Ni àwọn sójà bá kọ́gbọ́n. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àpò yanrìn sábẹ́ ẹsẹ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń tẹ ipa táyà ọkọ̀ tó ti kọjá láìséwu, nítorí ibi tí ọkọ̀ bá gbà tí kò bú, kò lè sí nǹkan níbẹ̀. Ìyẹn ràn wọ́n lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ipa táyà náà gan-an. Wọ́n á ri bọ́ǹbù sínú rẹ̀, wọ́n á bò ó, wọ́n á wá yí ògbólógbòó táyà gba orí rẹ̀ kọjá kí ilà lè padà sójú ilẹ̀, bíi pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà tó débẹ̀. "Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ táyà. Èyí tí èèyàn bá fọwọ́ yí, ilà rẹ̀ kì í jìn tó ti ọkọ̀. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ wò ó."

Bí wọ́n ṣe fi ọ̀nà sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n bọ́ sínú igbó. Àwọn ọ̀tá gbé bọ́ǹbù kọ́ sára igi. Àwọn sójà kọ́ láti máa wòkè. Bí wọ́n bá ti ń wòkè, ilẹ̀ a tún bú. Mo ní àwọn àgbà wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

"Ẹni tó pa òwe yẹn, bi í bóyá ó rógun rí," ni bàbá mi wí. "Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì, ìyẹn la gbọ́. Ti ogun kì í tó ọdún. Ohun tó gbà ọ́ là lọ́sẹ̀ yìí ló máa pa ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ẹni tí ẹ jọ ń jà ń wò ọ́."

Ìgbà tó yá, ọ̀gá wọn ní kí èèyàn díẹ̀ máa ṣíwájú, kí wọ́n máa fi irin gún ilẹ̀ wò, kí àwọn yòókù máa bọ̀ lẹ́yìn wọn. Bàbá mi ní òun á ṣíwájú. Kí ni ọmọ Ìkòyí tún lè sọ? Àwọn ọ̀tá rí ìyẹn náà. Wọ́n fa wáyà gígùn láti ara bọ́ǹbù wọ inú igbó. Ẹnìkan á dùbúlẹ̀ sọ́nà jíjìn pẹ̀lú bátìrì, á jẹ́ kí àwọn tó ṣíwájú kọjá. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá tó dé orí bọ́ǹbù náà ló máa ń fi ẹnu wáyà kan bátìrì.

"Mo gún ilẹ̀ ibẹ̀ wò," ó ní. "Mi ò bá nǹkan kan, wọ́n ti rì í jìn. Mo kọjá. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n máa bọ̀. Iwájú ni mo kọjú sí nígbà tó bú." Ó tún kọjú sí ògiri. "Gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ló kú. Ohun tó kọjá lára wọn ló wà lẹ́yìn mi yẹn."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì bínú burúkú. Àwọn tó ṣe oríkì wa, ọfà ni wọ́n mọ̀. Ọfà níwájú, ọfà lẹ́yìn, ó yé ọmọdé. Wọn ò mọ ohun tó lè dúró nílẹ̀ kó jẹ́ kí o kọjá kó tó bú. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòyí-Ilé láti lọ bá Baálé.

Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n fún mi lómi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi ìkankan pamọ́. Nígbà tí mo débi tí bàbá mi ti na ọwọ́ sẹ́yìn, arúgbó náà fi fìlà nu ojú. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

"Ọmọ mi, mo gbọ́," ó ní. "Mo sì gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gbọ́ ohun tí mo gbọ́ yìí. Ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n máa rí."

"Ẹ bá wa sọ ọ́ fún wọn, Bàbá."

"Kí n ní kí ni? Pé ogun kan wà tí kò ní iwájú, tí kò ní ẹ̀yìn? Wọ́n á ní mo fẹ́ dáàbò bo àbúrò mi ni. Wọ́n á tún bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀ ọ́n." Ó ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ó wá ní ọ̀nà kan wà. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, kí a wẹ̀ ẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí a dì í tán pátápátá kí a tó gbé e wá. Òun á dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú aṣọ òkú. Wọ́n á sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo wá bẹ̀ ẹ́ fún. Bàbá mi kò jalè tí a ó fi máa gbé e wọlé lábẹ́ aṣọ. Baálé ní kí n lọ bi í léèrè.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, mo rò pé ó máa kọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. "Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́gbọ́n ogun nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀," ó ní. "Gbà fún un. Jẹ́ kí n wọlé ná. Bí wọ́n bá ti kó yẹ̀pẹ̀ lé mi lórí tán, ẹnu rẹ ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, o lè sọ ọ́."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Àwọn àáfà àdúgbò mi wẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn jáde síta bá mi, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó bi mí bóyá jàǹbá ọkọ̀ ni. Mo ní ogun ni. Ó mi orí, ó ní ẹni tó bá wẹ òkú kì í ròyìn ohun tó rí. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, a sì gbé e dé Ìkòyí-Ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn tó mú.

Àwọn àgbà ilé ti ń dúró. Méjì nínú wọn dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i. Baálé dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ bó ṣe ṣèlérí. "Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti dì í. Ẹ̀yin náà kì í ṣe kèfèrí, ẹ má jẹ́ ká tú aṣọ òkú." Wọ́n wo ara wọn, wọ́n jókòó padà. A kírun sí i lára, a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, àwọn ọkùnrin sì rọ́ yẹ̀pẹ̀ dí ibojì náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Baálé ló kì í jù, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé àyà ni àbúrò òun fi gbọta.

Bóyá ǹ bá ti dákẹ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n àbígbẹ̀yìn Baálé, géńdé ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́wàá, wá bá mi níbi tí wọ́n ti ń pín sàráà. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní òun ń lọ wọṣẹ́ sójà. Ó ní òun fẹ́ gba ọta tòun níwájú bíi bàbá mi.

"Ẹ̀yìn ló ti gbà á," ni mo wí. Mi ò rẹ ohùn sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un níṣojú gbogbo wọn, àgbá epo, wáyà, bátìrì, ọwọ́ tí bàbá mi nà sẹ́yìn àti àwọn tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ mọ́. Ìyàwó ilé kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn àgbà méjì yẹn yí ojú sí Baálé, wọn ò yí i kúrò.

Baálé rìn wá bá mi. Ó ti darúgbó sí i láàárín àárọ̀ ọjọ́ kan.

"O dúró títí a fi rọ́ yẹ̀pẹ̀ dí ibojì tán," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"A ò lè hú u. Ó ti wọlé." Ó wo ojú mi, kò sì bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. "Ìwọ ni kò ní lè wọlé mọ́."

Ọmọ rẹ̀ wọṣẹ́ sójà náà lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tí mo sọ kò dá a dúró. Wọ́n gba ipò baálé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí ọdún tó yípo. Ìkòyí-Ilé kò jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ sì ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Mi ò tíì rí ibojì bàbá mi láti ọjọ́ náà.