Lẹ́ńsì Ìyá Músílíù Tó Ń Run Òrí

Òórùn òrí ni lẹ́ńsì náà kọ́kọ́ fi kí mi. Ìyá Músílíù ló gbé e wá láti Ìfọ́n. Wọ́n fi àkísà òfì kan wé e bí ọmọ tuntun, wọ́n sì rọra gbé e lé tábìlì mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlobù. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n bi mí léèrè ará ilé, wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́. A ò tíì kí ara wa tán tí mo ti gbé lẹ́ńsì náà sí imú. Òrí pọ́ńbélé ni.

Iṣẹ́ títún lẹ́ńsì àtijọ́ ṣe ni mò ń ṣe jẹun. Àwọn tí à ń fọwọ́ yí ni mò ń wí, tí wọ́n ti wà kí kámẹ́rà tó mọ bí yóò ti dá ríran fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé ta ló tún ń lo irú rẹ̀ láyé fóònù yìí. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Àwọn ọmọ tó ń ya àwòrán ìgbéyàwó ti rí i pé dígí àtijọ́ máa ń jẹ́ kí awọ ara ènìyàn dùn ún wò, ni wọ́n bá ń wá òrùka ìsopọ̀ tí wọ́n fi ń dè é mọ́ kámẹ́rà ìgbàlódé. Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì kì í jẹ́ kí ọ̀nà Ìlobù sí Ìfọ́n rọrùn nígbà gbogbo, àmọ́ ẹni tí lẹ́ńsì rẹ̀ bá há, ọ̀dọ̀ mi náà ni yóò gbé e wá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi máa ń ṣe fáàrí díẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, ta ló fi òrí sí i?"

"Èmi ni. Ó le, kò yí mọ́. Kí là ń fi sí ohun tó bá le? Òun ni mo fi ń pa orúnkún, kò sì já mi kulẹ̀ rí."

"Orúnkún ò ní dígí nínú, Ìyá."

"O ò tíì dàgbà ni. Tó bá yá, wàá gbọ́ bí tìẹ náà ṣe máa máa dún."

Wọ́n ní lọ́sàn-án ó máa ń yí díẹ̀, ṣùgbọ́n láàárọ̀ kì í gbọ́ rárá. Kò sí nǹkan tó ṣòro nínú ìyẹn. Òrí a máa dì nígbà tí ara ilẹ̀ bá tutù, oòrùn a sì yọ́ ọ. Bó bá ti yọ́ bẹ́ẹ̀, inú ni yóò ṣàn lọ, títí yóò fi dé ara àwọn abẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣí tí wọ́n sì ń pa ojú lẹ́ńsì dé. Ìpéǹpéjú ni ọ̀gá mi máa ń pè wọ́n. Ti Ìyá Músílíù ti lẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn.

Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn wá òmíràn, wọ́n bá sọ ìdí tí wọ́n fi wá. Olóògbé ọkọ wọn ló dá ibi ìyàwòrán wọn sílẹ̀ ní Ìfọ́n. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì ń ṣe é láti ìgbà tí bàbá ti kú. Ní báyìí, ẹsẹ̀ ò gbé ìdúró mọ́, wọ́n fẹ́ fa ibẹ̀ lé ọmọ wọn obìnrin lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Kí n tó jókòó sílé, mo fẹ́ kí lẹ́ńsì yìí yà mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Òun ni Bàbá Músílíù fi ń yà mí. Ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n fi yà mí nígbà tí mo wà lọ́mọge ni mo fẹ́ gbé e kọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, sọ ọ́ báyìí, torí mi ò ní jókòó síwájú òmíràn."

Mo ní yóò ṣeé ṣe. Mi ò fi bóyá kún un.

Ohun tó kù ni pé kí n mọ ẹni tí lẹ́ńsì náà ń jẹ́. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú kun orúkọ rẹ̀, bí àwọn ayàwòrán àtijọ́ ti máa ń fi ọ̀dà sàmì sí tiwọn kí ẹni tó bá yá a má baà sọ pé tòun ni. Bẹ́ẹ̀ a kì í tú lẹ́ńsì tí a ò mọ ilé rẹ̀, torí bí ìdílé kan ti ń to dígí kọ́ ni òmíràn ń tò ó. Òṣogbo ni mo ti kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi níbẹ̀ máa ń sọ pé lẹ́ńsì tó bá pàdánù orúkọ, ká wo ilà ojú rẹ̀. Mo wò ó. Òrùka tí à ń fọwọ́ yí ní ìlà dúdú àti funfun. Ìdí rẹ̀ ní ẹnu tí à ń yí mọ́ kámẹ́rà bí ìdérí ìgò. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó dá padà pọ́n bí oyin. Mo ní ará Jámánì ni, láti ìgbà tí Jámánì ṣì jẹ́ méjì. Mo fi sípírítì nu ọ̀dà náà níbì kan, lẹ́tà tó yọ jáde sì gbè mí lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo tú u. Mo fọ òrí kúrò, mo to àwọn abẹ́ náà sórí aṣọ funfun, mo nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi gíríìsì tó yẹ sí ẹnu òrùka, díẹ̀ báyìí. Ìgbà tí mo dé orí dígí iwájú ni mo rí nǹkan. Dígí náà ní ikùn, ìta ló sì yẹ kí ikùn yẹn kọjú sí. Inú ló kọjú sí. Ẹnì kan ti tú u rí, ó sì ti gbé e padà sódì. Mo rẹ́rìn-ín, mo bú ọ̀gbẹ́rì yẹn dáadáa, mo sì yí dígí náà sí bí àwọn tó ṣe é ti fẹ́ ẹ. Mo fi ya kàlẹ́ńdà ara ògiri mi. Gbogbo lẹ́tà rẹ̀ mọ́ kedere dé igun. Orí mi wú. Mo ń súfèé nígbà tí mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìfọ́n.

Ìyá Músílíù ti wọ aṣọ dúró dè mí. Wọ́n yí òrùka lẹ́ńsì náà, ó gbọ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi títí ó fi kan àwọn ọmọ tí mi ò tíì bí. Wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú aṣọ ìkélé, wọ́n sì jẹ́ kí ìborùn wọn wálẹ̀ sí èjìká. Èmi ni mo yà wọ́n. Mo gbé àwòrán náà hàn wọ́n lójú kámẹ́rà, mo ń retí ìyìn.

Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ó dára."

Mo mọ oníbàárà. "Ó dára" tí wọ́n sọ yẹn kò dára.

"Kí ló dé, Ìyá?"

"Lẹ́ńsì yìí ò yà mí báyìí rí."

Ọrùn wọn ni wọ́n ń tọ́ka sí nínú àwòrán. Àpá iná wà níbẹ̀, láti abẹ́ etí dé èjìká, ó kákò, ó ń dán. Wọ́n ní epo àkàrà ìyá wọn ló dà sí àwọn lára nígbà èwe. Lẹ́ńsì tí mo tún ṣe ti ka gbogbo rẹ̀ síta láìfi ìkankan pamọ́.

Mo yíjú sí ògiri, bóyá torí mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Àwòrán tí ọkọ wọn yà láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn ti ìṣáájú mọ́ láti àárín dé etí. Lẹ́yìn wọn ni ti ọmọge kan wà. Ojú rẹ̀ mọ́, ó ń wo ènìyàn tààrà, ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ sí ọrùn ni gbogbo rẹ̀ ń rọ̀ bí èéfín, àpá kankan kò hàn. Láti orí èyí lọ, gbogbo àwòrán ara ògiri náà, ti ìyàwó, ti ọba, ti ọmọ ilé ìwé, rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bákan náà.

Ẹni tí mo pè ní ọ̀gbẹ́rì kì í ṣe ọ̀gbẹ́rì. Ó mọ ibi tí dígí yẹn yẹ kó kọjú sí, ó sì yí i sódì, kò sì yí i padà títí ó fi kú. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí àtúnṣe tó tó ìyẹn.

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Mo yọ irinṣẹ́ nínú àpò, mo jókòó sídìí tábìlì wọn, mo tú òrùka iwájú, mo sì yí dígí náà padà sí bí bàbá ti fi sílẹ̀. Mo tún yà wọ́n. Ojú wọn mọ́, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí tó wà nínú rẹ̀, ọrùn wọn sì rọ̀ lọ. Wọ́n gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fẹ̀yìn ti ògiri.

Wọ́n ní, "Òun nìyí."

Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ yí dígí inú ẹ̀ ni?"

Wọ́n ò gbé ojú kúrò lára àwòrán náà.

"Mo wà níbí, mo ń wò wọ́n, lọ́jọ́ tí Bàbá Músílíù tú u. Wọ́n ní eruku ló wọ inú ẹ̀. Mo ní, ẹ kú iṣẹ́."