Èdè Tí Wọ́n Fi Ń Gbàdúrà

Ìwé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni mo fi kọ́ Yorùbá kíkà ní Èkìtì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dúpẹ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni Ọlọ́run fi ń bọ́ mi ní Ìgàndó, l'Ékòó. Lásìkò tí mò ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì ní yunifásítì, ìyá tó ni ilé-ìwé wa pè mí. Ó ní àwọn òbí ò fẹ́ Yorùbá mọ́. Bí mi ò bá lè fi hàn pé àwọn ọmọ ń sọ èdè abínibí nílé, òun máa yọ Yorùbá kúrò nínú ẹ̀kọ́ wọn.

Mo fi fọ́ọ̀mù rán àwọn ọmọ sílé: "Èdè wo lẹ ń sọ nílé?" Gbogbo òbí ló kọ Gẹ̀ẹ́sì. Kódà ìyá alákàrà ẹnu géètì wa, tá a jọ ń fi Yorùbá ṣàwàdà láràárọ̀, Gẹ̀ẹ́sì lòun náà kọ.

Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ṣé kì í ṣe ilé-ìwé yín ló ń so páálí ìtìjú mọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé lọ́rùn? Ẹ wá ní ká fọwọ́ ara wa kọ ọ́?"

Èmi náà ti so páálí yẹn mọ́ ọmọ lọ́rùn rí.

Mo pa fọ́ọ̀mù tì. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìbéèrè kan: "Bí ara ọmọ yín ò bá yá, èdè wo lẹ fi ń gbàdúrà?" Wọ́n dáhùn láìronú: Yorùbá, Ìgbò, Tiv. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ Ẹ̀gùn ò tiẹ̀ dáhùn. Ó kàn gbé ọwọ́ lé orí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì gbàdúrà ní Ẹ̀gùn. Ọmọbìnrin náà, tí kì í la ẹnu ní kíláàsì mi, ń gbè é lẹ́yìn kedere, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn.

Mo kó àkọsílẹ̀ náà lọ bá ọ̀gá tó ni ilé-ìwé. Ó kà á tán, ó gbé e lé orí àwọn páálí ọrùn ọmọ tó wà lórí tábìlì rẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Èdè wo lẹ fi ń gbàdúrà?"

"Ìjẹ̀bú ni. Má dà mí láàmú jàre. Máa kọ́ wọn lọ. Kó o sì kó àwọn páálí yẹn kúrò níwájú mi."

Mo kó wọn lọ sí kíláàsì mi. Ẹ̀yìn wọn tí kò ní nǹkan lára ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń kọ "ẹ káàárọ̀" sí lédè ilé rẹ̀, a sì kàn wọ́n mọ́ ògiri. Ti ọmọ Ẹ̀gùn yẹn la kọ́kọ́ kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á sókè fún wa.