Ilà Ojú Bàbá Àgbà Lára Odi Ẹnu Ọ̀sà

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ tí òmíràn ò tíì hù, ní Bàrígà, òpùrọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá bàbá mi. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ju pé ó ní òun wà lára àwọn tó po sìmẹ́ǹtì nígbà ogun Hítílà, tí wọ́n fi mọ odi sí ẹnu ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó. Ó ní wọ́n gbé ìbọn ńláńlá síbẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sí òkun, kí ọkọ̀ ọ̀tá má bàa wọlé.

Láńdílọ́ọ̀dù wa, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, a máa fi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ A yàtọ̀ sí B!"

Ẹ má bínú sí mi o, èmi náà ti ń gba ti láńdílọ́ọ̀dù gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá àgbà rí i lójú mi, ó sì dùn ún ju ẹ̀rín àdúgbò lọ.

"Ìyàwó mi, dìde," ló wí fún mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. "Láńdílọ́ọ̀dù, ẹ̀yin náà ẹ ká lọ."

Ọkọ̀ apẹja kan ló gbé wa. Akọ̀wé bì láti Bàrígà dé ẹnu ọ̀sà. Bí ó ti mọ̀wé tó, ọ̀sà ò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí odi yẹn. Ó nípọn ju yàrá wa lọ. Òkun ń bú ramúramù níwájú rẹ̀, odi ò mì. Wọ́n ti kó ìbọn lọ, ibi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ló kù, ó fẹ̀ bí àgbàlá.

Láńdílọ́ọ̀dù nu ẹnu. "Odi wà lóòótọ́. Orúkọ yín dà?"

Bàbá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa koríko tu nídìí odi. Ilà mẹ́rin dùbúlẹ̀, mẹ́ta dúró lé e lórí. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì ṣì tutù ló ti fi ìṣó fa ilà ojú ara rẹ̀ síbẹ̀. Mo fi ìka kan tọ ti odi, mo fi ìka kejì tọ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Akọ̀wé ṣí fìlà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ń dán bí àwo tuntun. Inú mi dùn pé abẹ ò kàn yín. Àmọ́ tí mo bá bi yín pé kí ni ọmọ-ọmọ yín á fọwọ́ bà tí á fi mọ̀ pé ẹ ṣiṣẹ́ láyé, ẹ ó na fóònù sí mi, ẹ ó ní fọ́tò wà níbẹ̀. Fọ́tò wo? Èyí tí ẹ pa rẹ́ lánàá torí pé fóònù ti kún?