Ẹgbàárùn-ún Ó Dín Mẹ́sàn-án

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí olùkọ́ ìṣirò náà ti wà nílé ẹ̀kọ́ kan náà. Àṣìṣe-ò-sí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju owó oṣù lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó kọ 9,991 sójú pátákó. "Olórí kunkun ni nọ́ńbà yìí," ó ní. "Yàtọ̀ sí ení àti òun fúnra rẹ̀, kò sí èyí tó lè pín in kó má ṣẹ́ kù."

Ọmọbìnrin kan, ọmọ aránṣọ, nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ṣeé pín."

"Kí lo fi pín in? Àlùmọ́gàjí ìyá ẹ?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

"Sà, bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń kà á ni—"

"Ó dáa, kí ìyá ẹ àgbà wá gba iṣẹ́ mi. Jókòó!" Ó mú ìwé orúkọ àwọn tó ń lọ síbi ìdíje ìṣirò, ó sì fi bírò pupa fagi lé orúkọ ọmọ náà lójú gbogbo wọn.

Ní yàrá àwọn olùkọ́, ó yọ páálí tó ti kọ àwọn nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí láti ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn ló fi ń dán nọ́ńbà ńlá wò. Ó tún fi wọ́n pín 9,991 lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé 89 tó kẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ṣẹ́ kù.

Báwo wá ni ìyá àgbà ṣe ń kà á? Ẹgbàárùn-ún ó dín mẹ́sàn-án. Ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, kí a yọ mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta kúrò. Ọgọ́rùn-ún dín mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ta. Ó fi 97 sọ 103 di púpọ̀: 9,991 gẹ́lẹ́. Páálí ló kún nígbà náà lọ́hùn-ún. Ó ní òun yóò kọ 97 sẹ́yìn rẹ̀, kò sì kọ ọ́ mọ́.

Òun nìkan ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó fọwọ́ bojú.

Ó wá ọmọ náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mo ti dá orúkọ ẹ padà."

"Ẹ ṣé, sà." Kò kúrò. "Ṣé ẹ máa sọ fún wọn? Wọ́n ti ń pè mí ní Àlùmọ́gàjí."

Ẹyin lohùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú kíláàsì. "Àṣìṣe kékeré kan wọlé lánàá," ó ní. Ọmọ náà tẹjú mọ́ tábìlì rẹ̀. Olùkọ́ rí i. "Rárá o. Èmi ni mo ṣì í. Ẹni tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló tọ̀nà. Jọ̀ọ́, wá fi hàn wá."

Ọmọ náà jáde, ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kedere. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ṣọ́ọ̀kì padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ gbà á, ó sì kọjú sí pátákó, kò sì tètè yíjú padà.