Ẹnu Bàbá Ìjọ Wa

Bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn nígbà tí Bàbá Ìjọ wa ń sinmi, wọn kì í ní kí ọmọ sọ pé àwọn ò sí nílé. Láti inú yàrá ni wọ́n ti máa ń dáhùn pé: "Mo wà ńlé o. Oorun ló ń kùn mí. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́." A máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín ní Iléṣà.

Nígbà tó yá, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ìjọ wa dúró lẹ́yìn Iwaraja, wọ́n kó wa wọ igbó. Mo ní ata ni mò ń tà, pé tálákà ni ọkọ mi. Olórí wọn nàka sí mi, ó bi Bàbá pé: "Ṣé òótọ́ ló sọ?"

Bàbá mọ̀ pé ọ̀gá báǹkì lọkọ mi ní Òṣogbo. Wọ́n ní: "Mo mọ ọkọ rẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ."

Mo bú wọn nínú mi. Olórí náà fi ìdí ìbọn gbá wọn létí òsì léraléra. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ, títí ìbọn àwọn ọlọ́dẹ tó ń wá wa fi dún, tí àwọn ajínigbé sì sá lọ.

Dókítà ní etí òsì náà kò ní gbọ́ràn mọ́. Mo jókòó sápá ọ̀tún wọn ní ọsibítù, mo ní: "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò kàn purọ́?"

"Ìyá Bùkọ́lá, ẹ̀rù bà mí bíi tìẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu yìí nìkan ni mo ní tí mo fi ń gbàdúrà fún gbogbo wa."

Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ bàtà mi, bí ẹni tó dé orí ilẹ̀ mímọ́.